Ewé Tó Ń Pọ́n Nínú Ìkòkò: Àlàyé Lórí pH Ilẹ̀ àti Oúnjẹ Ohun Ọ̀gbìn

Bí ewé òdòdó tàbí ti ata rodo tí ẹ gbìn sínú ìkòkò bá ti ń pọ́n, ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa kọ́kọ́ sọ ni pé ebi ń pa á. Wọ́n á bu ajílẹ̀ NPK sí i. Bí ọ̀sẹ̀ kan bá kọjá tí kò sí àyípadà, wọ́n á tún bu òmíràn lé e. Kò ní pẹ́ tí etí ewé yóò fi bẹ̀rẹ̀ sí í jó, tí igi náà yóò sì rọ. Wọ́n á wá ní ayédèrú ni ajílẹ̀ tí àwọn rà. Nígbà mìíràn, ayédèrú ni lóòótọ́. Àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, oúnjẹ ti wà nínú ilẹ̀ yẹn tẹ́lẹ̀, gbòǹgbò ni kò rí i mu. Gbogbo ajílẹ̀ tí wọ́n ń dà lé e lórí kàn ń di iyọ̀ tí kò jẹ́ kí gbòǹgbò rí omi fà ni.

Ohun tó máa ń pinnu bóyá gbòǹgbò á rí oúnjẹ mu nínú ilẹ̀ ni à ń pè ní pH. Orúkọ yìí máa ń bà ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́rù nítorí wọ́n rò pé ọ̀rọ̀ yàrá ìwádìí ni. Ẹni tó bá gbin ẹfinrin méjì péré sí ìta ilé rẹ̀ nílò rẹ̀, ó sì lè lóye rẹ̀ láàárín ìrọ̀lẹ́ kan. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ nínú gbogbo àlàyé yìí ni pé kí ẹ wọn ilẹ̀ yín kí ẹ tó fún un lóúnjẹ.

Kí ni pH?

Òǹkà tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe kan tó ni. Søren Sørensen, onímọ̀ kẹ́mísìrì ará Dẹ́nmáàkì tó ń ṣiṣẹ́ ní yàrá ìwádìí àwọn Carlsberg tó ń pọn bíà, ló gbé e jáde lọ́dún 1909. Òǹkà náà bẹ̀rẹ̀ láti 0, ó sì dé 14. Àárín rẹ̀ ni 7. Ohun tó bá wà nísàlẹ̀ 7 ni ásíìdì, ohun kíkan nìyẹn. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ wà ní nǹkan bí 2. Ohun tó bá ju 7 lọ ni álíkálì. Omi eérú tí àwọn ìyá wa fi ń se ọṣẹ dúdú wà lápá ibẹ̀ yẹn, ó sì lè ju 10 lọ.

Ibi tí àṣìṣe ti máa ń wọlé ni bí òǹkà yìí ṣe ń gorí ara wọn. Ènìyàn á rò pé láàárín 6 àti 5, ìyàtọ̀ kékeré ni. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Kíkan ilẹ̀ tó wà ní 5 jẹ́ ìlọ́po mẹ́wàá kíkan ilẹ̀ tó wà ní 6, ó sì jẹ́ ìlọ́po ọgọ́rùn-ún ti ilẹ̀ tó wà ní 7. Àwọn àgbà ní ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà, ó ju èje lọ. Lórí òǹkà pH, bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ló rí. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá sọ fún yín pé ilẹ̀ ìkòkò òun ti kúrò ní 6.5 ó ti di 7.5, ẹ má ṣe fi ojú kékeré wò ó.

Ohun tí pH ń ṣe sí oúnjẹ

Ohun ọ̀gbìn nílò èròjà 17 kó tó lè dàgbà. Mẹ́ta nínú wọn, inú afẹ́fẹ́ àti omi ló ti ń rí wọn. Mẹ́rìnlá tó kù, gbòǹgbò ló ń fà wọ́n láti inú ilẹ̀. Náítírójínì, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì àti pòtásíọ̀mù ni N, P àti K tí gbogbo wa mọ̀. Kálísíọ̀mù, magnésíọ̀mù àti imí ọjọ́ ló tẹ̀ lé wọn. Lẹ́yìn náà ni àwọn tí igi ń lò ní ìwọ̀nba kín-ún: irin, máńgánísì, síńkì, kọ́pà, bórọ́ọ̀nù, molybdenum, kilorínì àti níkẹ́ẹ̀lì.

Kò sí èyí tí gbòǹgbò lè jẹ lódindi nínú wọn. Àfi kó kọ́kọ́ yòrò sínú omi tó wà láàárín iyẹ̀pẹ̀. Ibí yìí ni pH ti ń ṣe ìdájọ́. Bí ilẹ̀ bá kan jù, tó lọ sísàlẹ̀ 5.5, irin àti alumíníọ̀mù inú ilẹ̀ á di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú, kò sì ní yòrò mọ́. Alumíníọ̀mù fúnra rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yòrò, á sì máa ba ṣóńṣó orí gbòǹgbò jẹ́. Kálísíọ̀mù àti magnésíọ̀mù náà máa ń dín kù nínú irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Bí ilẹ̀ bá wá lọ sápá álíkálì, tó ju 7 lọ dáadáa, irin, máńgánísì àti síńkì ni kì í yòrò mọ́, kálísíọ̀mù á sì wá jẹ́ ẹni tó ń di fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì mú. Molybdenum nìkan ló yàtọ̀. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń kúrò ní kíkan ló ń rọrùn fún gbòǹgbò láti rí i.

Ẹ fojú inú wo ilé tí ọbẹ̀ kún ìkòkò níbẹ̀, àmọ́ tí wọ́n tì í mọ́ inú kọ́bọ́ọ̀dù, tí kọ́kọ́rọ́ sì sọnù. Bí ẹ bá tún se ọbẹ̀ míì, tí ẹ sì tún tì í mọ́bẹ̀, ebi ṣì ń pa ọmọ ilé. Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí òdòdó tí ilẹ̀ rẹ̀ wà ní 8 nìyẹn, tí ẹ sì ń da ajílẹ̀ sí i lójoojúmọ́.

Fún tòmátò, ata, tẹ̀tẹ̀, ewédú, ẹfinrin àti ọ̀pọ̀ ohun tí à ń gbìn fún jíjẹ, láàárín 6.0 sí 6.8 ló dára jù bí iyẹ̀pẹ̀ gidi bá wà nínú ìkòkò. Bó bá jẹ́ háhá àgbọn tàbí àpòpọ̀ mìíràn tí kò ní iyẹ̀pẹ̀ nínú ni ẹ lò, ẹ rẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀ díẹ̀, láàárín 5.5 sí 6.2, torí níbẹ̀ kò sí alumíníọ̀mù púpọ̀ tó lè ba gbòǹgbò jẹ́. Òdòdó ixora àti gardenia fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan ju àwọn yòókù lọ, láàárín 5 sí 6. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó náà bẹ́ẹ̀.

Inú ìkòkò yàtọ̀ sí oko

Ilẹ̀ oko ní agbára láti dúró lójú kan. Ó jìn, ó gbòòrò, èérún ewé àti amọ̀ inú rẹ̀ máa ń gba àyípadà mọ́ra kí gbòǹgbò tó mọ̀. Ìkòkò tó gba lítà mẹ́wàá kò ní irú àyè bẹ́ẹ̀. Ohun tí ẹ bá dà sí i lónìí, gbòǹgbò ti mọ̀ ọ́n lọ́la.

Ibi tí ẹ ti gbẹ́ iyẹ̀pẹ̀ náà ṣe pàtàkì. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ti fi orúkọ àwọn ìlú wa sọ oríṣiríṣi ilẹ̀: Ìwó, Ẹ̀gbẹ́dá, Apòmù. Àwọn ilẹ̀ tó jáde lára òkúta líle apá Ìbàdàn àti Ọ̀yọ́ kì í sábà kan púpọ̀. Ilẹ̀ yanrìn pupa tó sún mọ́ òkun, bíi ti agbègbè Ìkòròdú àti apá kan Ìjẹ̀bú, máa ń kan jù wọ́n lọ, nítorí òjò ti fọ kálísíọ̀mù àti magnésíọ̀mù inú rẹ̀ lọ láti ọdún gbọọrọ. Nítorí náà, ìmọ̀ràn tó bá ẹni tó ń gbé Bódìjà mu lè pa ata ẹni tó ń gbé Ìkòròdú.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìkòkò fúnra rẹ̀, torí ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í fura sí i. Àwọn ìkòkò sìmẹ́ǹtì tí wọ́n ń tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì fún títà lẹ́wà, wọ́n sì lágbára, ìjì kì í gbé wọn. Àmọ́ sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń tú láìmù, ìyẹn ẹfun inú rẹ̀, jáde sínú omi, omi tó bá sì wà lára sìmẹ́ǹtì tuntun lè ju 12 lọ lórí òǹkà pH. Ixora tó fẹ́ràn ilẹ̀ kíkan, tí a wá gbìn sínú sìmẹ́ǹtì tí kò tíì pé oṣù kan! Kò sí bí ewé rẹ̀ kò ṣe ní pọ́n. Ohun kan náà ló ń ṣẹlẹ̀ sí ixora tí wọ́n gbìn sí ìdí ògiri ilé tuntun, níbi tí àwọn bírìkìlà ti da àṣẹ́kù sìmẹ́ǹtì sí.

Ìkòkò sìmẹ́ǹtì kò burú. Ẹ dí ihò ìdí rẹ̀, ẹ pọn omi kún un, ẹ máa yí omi náà padà ní ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ẹ tó gbin nǹkan sí i. Ẹ sì lè kun inú rẹ̀ ní ọ̀dà tí kì í jẹ́ kí omi kọjá. Ohun tó rọrùn jù ni pé kí ẹ gbé ìkòkò ọ̀rá sínú rẹ̀, kí gbòǹgbò má kan sìmẹ́ǹtì rárá.

Ẹ ṣọ́ omi tí ẹ ń bu

Bí mo bá ní kí n mú ohun kan ṣoṣo tí àwọn tó ń gbin nǹkan sínú ìkòkò kì í kà sí, omi ni màá mú. Ẹ̀ẹ̀kan lẹ ń yan iyẹ̀pẹ̀. Omi, lójoojúmọ́ lẹ ń bu ú.

Ohun méjì ló wà nínú omi tí àwọn ènìyàn máa ń pa pọ̀ mọ́ ara wọn. Èkíní ni pH omi náà. Èkejì ni iye bàìkábónéètì tó wà nínú rẹ̀, ìyẹn ohun tó ń jẹ́ kí omi lè pa kíkan rẹ́. Èkejì yìí ló ń yí ilẹ̀ ìkòkò padà. Omi lè wà ní 8 lórí òǹkà pH kó má sì ṣe ilẹ̀ yín ní nǹkan kan, nítorí bàìkábónéètì inú rẹ̀ kò tó nǹkan. Omi mìíràn lè wà ní 7.2, kí ojú rẹ̀ dà bí omi dáadáa, àmọ́ kí bàìkábónéètì kún inú rẹ̀. Irú èyí á máa gbé pH ìkòkò yín sókè díẹ̀díẹ̀ bí ẹ bá ṣe ń bu ú, oṣù mẹ́fà lẹ́yìn náà ewé tuntun á máa jáde ní àwọ̀ ìyeyè, kò sì sẹ́ni tó máa rántí fura sí omi.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ láìlọ sí yàrá àyẹ̀wò? Ẹ wo inú kẹ́tùlù yín. Bí nǹkan funfun bá ń lẹ̀ mọ́ ìdí rẹ̀, tí ọṣẹ kì í sì í tètè hó bí ẹ bá ń fọṣọ, bàìkábónéètì àti kálísíọ̀mù pọ̀ nínú omi yín. Kànga tí wọ́n gbẹ́ sórí òkúta ẹfun máa ń rí bẹ́ẹ̀. Irú òkúta tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ǹtì ní Ewékorò nìyẹn. Ọ̀pọ̀ bóhò tó ń fa omi láti inú yanrìn apá Èkó máa ń ṣe òdìkejì: omi wọn kan, bàìkábónéètì inú rẹ̀ sì kéré, nítorí náà ẹni tó ń lò ó yẹ kó máa ṣọ́ ilẹ̀ rẹ̀ kó má lọ sísàlẹ̀ jù. Létí òkun bíi Lekki, wàhálà mìíràn tún wà, ìyẹn iyọ̀ òkun tó ń wọ inú omi abẹ́ ilẹ̀. Bí omi yín bá ní adùn iyọ̀ lẹ́nu, ẹ má fi bomi rin òdòdó.

Àwọn ènìyàn wa tó ń gbin ewédú sínú ìkòkò ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀rọ̀ yìí kàn yín gbọ̀ngbọ̀n. Omi ẹ̀rọ ibẹ̀ le, ìyẹn ni pé bàìkábónéètì àti kálísíọ̀mù pọ̀ nínú rẹ̀, torí ara òkúta ẹfun ló ti ń wá. Ti New York rọ̀ ní tirẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì kò lè gba ìmọ̀ràn kan náà.

Omi òjò ló rọrùn jù níbi gbogbo. Ó máa ń wà ní nǹkan bí 5.6, nítorí gáàsì káábọ́nù dáyọ́ksáídì inú afẹ́fẹ́ ń wọnú rẹ̀, kò sì ní bàìkábónéètì tàbí iyọ̀ kan tó ní láárí. Nígbà òjò, ẹ gbé dúrọ́ọ̀mù síta.

Bí ẹ ṣe máa wọ̀n ọ́n

Ẹ má ra ẹ̀rọ onírin méjì tí kò ní bátìrì, tí wọ́n ní kí ẹ kàn gún mọ́lẹ̀ kó sì sọ gbogbo nǹkan fún yín. Ọ̀rinrin ilẹ̀ ló sábà máa ń darí ọwọ́ rẹ̀ ju pH lọ. Bébà tó ń yí àwọ̀ padà sàn jù ú lọ. Èyí tó dára jù ni ẹ̀rọ kékeré oníbátìrì tí wọ́n ń rì bọnú omi, bí ẹ bá ti ń fi omi ìdánwò 4.01 àti 7.00 tún un ṣe déédéé. Bí ẹ kò bá ń tún un ṣe, irọ́ ni yóò máa pa fún yín.

Ẹ bu iyẹ̀pẹ̀ láti ibi tí gbòǹgbò wà, ẹ má bu ti òkè. Ẹ sá a níbòóji. Ẹ bu ife kan sínú ike tó mọ́, ẹ da ife omi dísítíìlì méjì sí i, ẹ rò ó, ẹ fi sílẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ẹ sì wọ̀n ọ́n. Bí ẹ kò bá fẹ́ tú igi yín nídìí, ọ̀nà mìíràn wà: ẹ bomi rin ìkòkò náà bí ẹ ṣe ń ṣe é, ẹ dúró fún wákàtí kan, ẹ wá rọra da omi dísítíìlì díẹ̀ sí i lórí, ẹ sì gbé abọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Omi bí ìdajì ife kékeré tó bá kọ́kọ́ jáde nínú ihò, òun ni kí ẹ wọ̀n. Omi yẹn ni gbòǹgbò ń mu gan-an, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ràn ọ̀nà yìí jù.

Àwọn kan máa ń da ọtí kíkan sí iyẹ̀pẹ̀ láti wò ó bóyá á hó. Bó bá hó, ẹfun ti pọ̀ níbẹ̀. Bí kò bá hó, kò tíì sọ nǹkan kan fún yín. Ẹni tó bá ń gbìn fún títà, kó gbé iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀ lọ sí yàrá àyẹ̀wò ilẹ̀, bíi ti ilé ìwádìí iṣẹ́ ọ̀gbìn IITA ní Ìbàdàn tàbí ti yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀ ní Abẹ́òkúta.

Kíka ewé

Kí ẹ tó ronú ebi rárá, ẹ ki ìka bọ ilẹ̀ dé ìdajì ìka. Bí omi bá dúró sínú ìkòkò, tí ihò ìdí rẹ̀ dí, gbòǹgbò kò ní lè mí, ewé á pọ́n bí ẹni pé kò jẹun. Bí ẹ bá gbọ́ òórùn jíjẹrà, ẹ ti rí àrùn náà. Ajílẹ̀ kò ní wò ó.

Bí omi bá dára, ẹ wò ó bóyá ewé àgbà nísàlẹ̀ ló ń pọ́n, àbí ewé tuntun lókè. Ìyàtọ̀ yìí ṣe kókó. Àwọn èròjà kan wà tí igi lè fà jáde láti inú ewé àgbà kó gbé e fún ewé ọmọ: náítírójínì, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì, pòtásíọ̀mù, magnésíọ̀mù. Bí wọ́n bá ń ṣọ̀wọ́n, ewé ìsàlẹ̀ ni ìyà máa kọ́kọ́ jẹ. Bí gbogbo ara ewé àgbà bá ń ṣì láti ìsàlẹ̀ lọ sókè, náítírójínì ni. Bí iṣan ewé bá ṣì tutù, tí àárín iṣan sì pọ́n, lára ewé àgbà, magnésíọ̀mù ni. Bí etí ewé àgbà bá ń jó, ó lè jẹ́ pòtásíọ̀mù, ó sì lè jẹ́ iyọ̀ tó pọ̀ jù. Igi tó kúrú tí kò dàgbà, tí ewé rẹ̀ dúdú tí àwọ̀ elésè àlùkò sì ń wọ̀ ọ́, fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì ni kò rí.

Irin kì í kúrò níbi tó bá ti dé. Bí kò bá sí irin tuntun tó ń wọlé, ewé tuntun lókè ló máa jáde ní àwọ̀ ìyeyè, tí iṣan rẹ̀ á sì tutù bí ìgbà tí wọ́n fi lẹ́ẹ̀dì aláwọ̀ ewé fà á. Bí ẹ bá rí èyí, ẹ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ̀ pé pH ti ga jù, nítorí irin kì í fi bẹ́ẹ̀ wọ́n nínú ilẹ̀ pupa wa.

Gbígbé e sókè, rírẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀

Bí ilẹ̀ bá kan jù, ìyẹ̀fun òkúta ẹfun tàbí dólómáìtì ló yẹ. Dólómáìtì ní magnésíọ̀mù nínú pẹ̀lú. Ṣíbí ìmutíì pẹrẹsẹ kan tó fún nǹkan bí lítà ilẹ̀ márùn-ún láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ pò ó pọ̀ dáadáa, ẹ bomi rin ín, ẹ dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó tún un wọ̀n. Ẹ má kánjú fi kún un.

Èèpo ẹyin náà, irú ẹfun kan náà ni. Àmọ́ bí ẹ bá fọ́ ọ wẹ́wẹ́ lásán, á wà níbẹ̀ fún ọdún mélòó kan láìṣe iṣẹ́ tó jọjú. Ẹ lọ̀ ọ́ kúnná bí ẹ̀lùbọ́.

Eérú yára ju àwọn méjèèjì lọ, agbára rẹ̀ sì lè ṣe jàǹbá. Eérú èèpo kòkó, tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ dúdú, kún fún pòtásíọ̀mù, nítorí náà ó jẹ́ oúnjẹ, ó sì jẹ́ ohun tó ń gbé pH sókè lẹ́ẹ̀kan náà. Fún ìkòkò, ìwọ̀n ṣíbí ìmutíì kan ni kí ẹ fi mọ, lẹ́ẹ̀mejì péré lọ́dún, àti kìkì bí ẹ bá ti wọ̀n ọ́n tí ẹ rí i pé ilẹ̀ kan. Ẹ má ṣe da eérú pọ̀ mọ́ yúríà tàbí ìgbẹ́ adìẹ tútù láéláé. Náítírójínì inú wọn á di gáàsì, òórùn tó ń ta ní imú ni ẹ máa gbọ́, owó yín ló sì ń fẹ́ lọ yẹn. Kán-ún tí a fi ń se ewédú àti ẹ̀wà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má dà á sí ìkòkò. Sódíọ̀mù ló pọ̀ nínú rẹ̀, ó sì ń ba ilẹ̀ jẹ́.

Bí ilẹ̀ bá ti lọ sókè jù, imí ọjọ́ lẹ́búlẹ́bú ni ohun tó ń rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ tí kì í tètè padà. Kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ ló ń sọ ọ́ di ásíìdì, nítorí náà ó nílò ilẹ̀ tó lọ́rinrin tó sì móoru, ó sì lè gbà tó oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ìdajì ṣíbí ìmutíì fún lítà márùn-ún ti tó. Ọtí kíkan tàbí omi ọsàn wẹ́wẹ́ tí wọ́n ń dà sílẹ̀ máa ń rẹ pH sílẹ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kòkòrò ilẹ̀ á jẹ ẹ́ tán, ilẹ̀ á sì padà síbi tó wà. Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kọfí tí wọ́n ti mu omi rẹ̀ kò kan tó bí àwọn ènìyàn ṣe ń sọ. Ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti sún mọ́ 7. Ásíìdì bátìrì ọkọ̀, ẹ má tilẹ̀ gbé e sún mọ́ òdòdó, ẹ má sì gbé e sún mọ́ ojú yín.

Oúnjẹ, díẹ̀díẹ̀

Lára àpò ajílẹ̀, ẹ máa rí 15-15-15 tàbí 20-10-10. Ìdá nínú ọgọ́rùn-ún ni òǹkà wọ̀nyí. Àpò 50 kg ti 15-15-15 ní náítírójínì 7.5 kg nínú. Ti P àti K ni a sábà máa ń ṣì kà, nítorí àwọn tó ń ṣe ajílẹ̀ ń ka ọ́síjìn tó so mọ́ wọn pọ̀ mọ́ ọn. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì gidi tó wà nínú 15 yẹn jẹ́ nǹkan bí 6.5, pòtásíọ̀mù gidi sì jẹ́ nǹkan bí 12.5.

Bí a bá yo gíráàmù kan ajílẹ̀ 15-15-15 sínú lítà omi kan, náítírójínì inú omi náà á jẹ́ míligíráàmù 150. Ìyẹn ti tó fún ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn inú ìkòkò. Ṣíbí ìmutíì pẹrẹsẹ kan jẹ́ nǹkan bí gíráàmù márùn-ún, nítorí náà ṣíbí kan sínú lítà márùn-ún. Ẹ fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì kó yòrò, ẹ sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ rẹ̀ kúrò. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ méjì fún òdòdó, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún tòmátò àti ata tó ti ń so. Ẹ kọ́kọ́ fi omi lásán bomi rin ilẹ̀ kí ẹ tó bu omi ajílẹ̀ sí i. Gbòǹgbò tó ń gbẹ kò lè gba iyọ̀. Yúríà ní náítírójínì 46 nínú ọgọ́rùn-ún, ẹ̀kúnwọ́ rẹ̀ kan lè pa gbogbo ohun tó wà nínú ìkòkò. N kò gbà kí ẹnikẹ́ni lò ó nínú ìkòkò kékeré.

Ohun kan tún wà tí wọn kì í kọ sára àpò. Ajílẹ̀ fúnra rẹ̀ ń yí pH padà. Bí náítírójínì inú rẹ̀ bá jẹ́ ti amóníọ̀mù, bíi ammonium sulphate, tàbí bó bá jẹ́ yúríà, ilẹ̀ á máa kan sí i bí oṣù ṣe ń lọ. Bó bá jẹ́ náítíréètì, bíi calcium nitrate, ilẹ̀ á máa lọ sókè díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí omi rẹ̀ ń gbé pH sókè lè fi ti àkọ́kọ́ bá a wí, ẹni tí omi bóhò rẹ̀ kan lè lo ti ìkejì. Èmi rí i pé ọgbọ́n yìí nìkan lè gba ènìyàn lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ imí ọjọ́ àti ẹfun.

Ìgbẹ́ adìẹ dára púpọ̀, bó bá ti jẹrà fún oṣù méjì ó kéré tán. Ti adìẹ tó ń yé ẹyin máa ń ní kálísíọ̀mù púpọ̀ láti inú oúnjẹ tí wọ́n ń fún un, nítorí náà ó ń gbé pH sókè. Kò bá ixora lára mu. Ìgbẹ́ màlúù rọrùn jù fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Bí ẹ bá rí nǹkan funfun létí ìkòkò tàbí lójú ilẹ̀, iyọ̀ ajílẹ̀ àti ti omi ni. Ó máa ń pọ̀ nígbà ọyẹ́, nígbà tí omi ń gbẹ tí iyọ̀ sì ń kù sílẹ̀. Ẹ rọra da omi tó tó ìlọ́po méjì ìkòkò náà kọjá nínú rẹ̀, kó jáde nísàlẹ̀ pátápátá, kí abọ́ ìdí rẹ̀ má sì dá omi náà padà.

Omi tí wọ́n rẹ èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí kò ní pòtásíọ̀mù tó tó nǹkan. Ó sàn kí ẹ jẹ́ kí èèpo náà jẹrà. Ìdí tòmátò tó ń dúdú tó sì ń jẹrà, kálísíọ̀mù ni kò dé ibẹ̀, àmọ́ lọ́pọ̀ ìgbà, bíbomi rin ín lónìí kí a gbàgbé rẹ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta ló fà á, torí omi ló ń gbé kálísíọ̀mù rìn. Àwọn tó ń da Epsom salt sí i ń mú un burú sí i, nítorí magnésíọ̀mù inú rẹ̀ ń bá kálísíọ̀mù du ọ̀nà.

Ẹ wá jẹ́ ká mú ixora inú ìkòkò sìmẹ́ǹtì tó ń pọ́n lókè. Ẹ dá ajílẹ̀ dúró. Ẹ wọn omi tó ń jáde nínú ihò. Bó bá wà ní 7.5, ẹ tú igi náà, ẹ gbọn ilẹ̀ àtijọ́ díẹ̀ kúrò lára gbòǹgbò, ẹ gbìn ín sínú ìkòkò ọ̀rá pẹ̀lú iyẹ̀pẹ̀ tó kan díẹ̀ àti ìgbẹ́ màlúù tó ti jẹrà, ẹ wá gbé ọ̀rá náà sínú ti sìmẹ́ǹtì. Omi òjò ni kí ẹ máa bu. Bí ẹ bá fẹ́ kó tètè gbọ́, ẹ ra irin tí wọ́n so mọ́ EDDHA, ìyẹn èròjà tó ń di irin mú kó lè máa yòrò nínú omi ilẹ̀, nítorí èyí tí wọ́n so mọ́ EDTA kì í dúró bí pH bá ti kọjá 6.5. Ẹ má tún fún un ní NPK títí ewé tuntun yóò fi yọ. Ewé tó ti pọ́n tẹ́lẹ̀ lè má padà bọ̀ sípò, nítorí náà ẹ má fi ṣe ìdíwọ̀n. Méjì àkọ́kọ́ tó bá là lẹ́yìn tí ẹ tún un gbìn ni kí ẹ wò, bóyá wọ́n tutù láti iṣan dé etí.